Eku Kẹfà Dà?

Iṣẹ́ àtúnkà ni mo fi ń jẹun. Àwọn ọ̀mọ̀wé á kọ ìwádìí wọn, olóòtú jọ́nà á gbà á wọlé, wọn á wá fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn tún gírámà rẹ̀ ṣe, kí n wò ó bóyá iye tó wà nínú tábìlì bá ti inú àlàyé mu, kí n sì rí i pé gbogbo ẹni tí wọ́n tọ́ka sí wà níbi tó yẹ. Èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, bó pẹ́ bó yá, ojú rẹ̀ á là sí i.

Ohun tó pọ̀ jù nínú èyí tó ń dé ọwọ́ mi láti àwọn yunifásítì wa ni ìwádìí ewé àti egbò: ewúro, dóńgóyárò, ẹfinrin, orógbó, atalẹ̀. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ẹ́tánọ́ọ̀lù fa agbára inú rẹ̀ jáde. Ó wá kan eku funfun tí wọ́n ń pè ní Wistar, ìran eku tí ilé ìwádìí Wistar ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ní 1906, tó ti wá di onílé nínú láàbù káàkiri ayé. Wọ́n á fún eku ní alloxan, kẹ́míkà kan tó ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin jẹ́, kí àtọ̀gbẹ lè mú un. Wọ́n á máa da oje ewúro sí i lọ́fun, wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ ìrù rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ ìkẹyìn wọ́n á pa á, wọ́n á gé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò nínú maikirosíkóòpù. Ọgbọ̀n eku, ìsọ̀rí márùn-ún, mẹ́fà-mẹ́fà: mo ti ka gbólóhùn yẹn débi pé mo lè kà á lójú oorun.

Nínú ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, eku mẹ́fà ló wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà tí mo dé tábìlì, márùn-ún ni mo bá lábẹ́ ìsọ̀rí tó mu oje ewé tó pọ̀ jù. Mo fi ìbéèrè sí etí ìwé: eku kẹfà dà? Ọ̀gá tó ni iṣẹ́ náà ò jẹ́ kó pẹ́ kó tó dá mi lóhùn, tọ̀yàyàtọ̀yàyà sì ni: “Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ọ̀kan ló kú. Ẹ ṣáà bá wa yí ti òkè yẹn sí márùn-ún kó lè bára mu.”

Kó lè bára mu. Ohun tí wọ́n sì ń sanwó fún mi lé lórí gan-an nìyẹn, pé kí nǹkan bára mu. N ò yí i. Mo dá a padà sọ́dọ̀ olóòtú pẹ̀lú ìbéèrè náà lórí rẹ̀, èyí tó bá wù ú kó ṣe é. Àmọ́ láti ìgbà náà ni mo ti ń ka iye eku nínú gbogbo iṣẹ́ tó bá dé ọwọ́ mi, bí ẹni tó ń ka owó tí wọn ò kà lójú rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí ni ikú eku kan já mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku márùn-ún jẹ́ 120, ti ìkẹfà tí ara rẹ̀ ò yá wá jẹ́ 420. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a fi mẹ́fà pín in, 170 la máa rí. Yọ ìkẹfà kúrò, 120 géérégé ló kù, ewúro sì ti di oògùn ìyanu. Ewé ò yí padà, eku ò yí padà. Ẹyọ kan tí wọn ò kọ ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó sì lè jẹ́ pé oje ewé yẹn gan-an ló pa á, pé nínú mẹ́fà tó mu èyí tó pọ̀ jù, ọ̀kan ò yè é. Ta ni ìyẹn ò kàn? Ẹni tó bá ti jókòó nínú mọ́tò tí alágbo ti ń polówó ọjà mọ bí gbólóhùn náà ṣe ń dùn ún lẹ́nu tó: “Yunifásítì ti yẹ̀ ẹ́ wò!” Lóòótọ́, yunifásítì yẹ̀ ẹ́ wò. Eku kẹfà nìkan ni kò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀.

Kò yẹ ká rò pé àwa nìkan là ń ṣe èyí. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Berlin àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú PLOS Biology tí àkọlé rẹ̀ ń béèrè ohun tí èmi náà ń béèrè, pé níbo ni gbogbo eku wọ̀nyí wọlé sí. Iṣẹ́ 100 lórí jẹjẹrẹ àti rọpárọsẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, àdánwò 522 ló wà nínú wọn. Nínú bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ènìyàn ò lè mọ̀ bóyá ẹranko kankan já kúrò lọ́nà. Wọ́n tún fi kọ̀ǹpútà dán an wò, wọ́n sì rí i pé bí olùwádìí bá kàn ń yọ ìwọ̀nba eku díẹ̀ tí èsì wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, oògùn tí kò wúlò rárá á máa dà bí èyí tó ṣiṣẹ́. Ṣáájú ìyẹn, ní 2009, àwọn olùwádìí mìíràn ti wo iṣẹ́ 271 tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Nínú 100, 87 ni kò sọ pé ìbò ni àwọn fi pín ẹranko sí ìsọ̀rí, 86 kò sì sọ bóyá ẹni tó ń wo èsì mọ èyí tó gba oògùn tàbí kò mọ̀ ọ́n. Owó ìjọba ló sì gbọ́ bùkátà àwọn iṣẹ́ yẹn.

Ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ kì í jìnnà. Mo dé ilé ẹranko yunifásítì kan nígbà kan, ilé gígùn tí òórùn ìtọ̀ àti ìyẹ̀fun igi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá kan ló ń tọ́jú wọn. Òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń pa omi wọn dà, tó ń gbálẹ̀ kéèjì. Ó ní ìwé àjákọ ológójì ewé kan tó fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, bírò rẹ̀ wà láàárín. Mo tọrọ kí n wò ó. “Kéèjì 4, ọ̀kan kú mọ́jú, inú rẹ̀ wú.” “Kò sí iná lánàá títí dòní, ooru mú wọn, wọn ò jẹun.” “Kéèjì 2 bá ara wọn jà, etí ọ̀kan ya.” Ọjọ́ wà níbẹ̀, àmì ìdánimọ̀ ìrù eku wà níbẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ta ló ń kà á?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, èmi náà ni. Iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ń béèrè. Wọn kì í béèrè èyí.”

N ò tíì rí iṣẹ́ kan tó mẹ́nu ba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iná tó lọ nìkan ló ń ṣe eku. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní McGill ní Montreal, ní Kánádà, fi hàn pé òórùn ọkùnrin tó wà nítòsí ti tó láti kó àyà eku sókè, débi pé ìrora tó yẹ kó hàn lára rẹ̀ á dínkù. Kódà ẹ̀wù tí ọkùnrin ti wọ̀ tí wọ́n kàn gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì ṣe é. Ti obìnrin ò ṣe bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé bàbá oníwèé àjákọ yìí alára wà lára àdánwò, yálà wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ tàbí wọn ò kọ ọ́.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń rántí, nítorí pé ní Yaba, l'Ékòó níbí, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ibà pọ́njú ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀. Ní 1918, Hideyo Noguchi, ọmọ Jàpáánù tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, lọ sí Guayaquil ní Ecuador. Nígbà tó fi máa di 1919, ó ti kọ ọ́ jáde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa àìsàn náà. Ó ní òun fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn gún gíní-píìgì, ara wọn sì pọ́n. Leptospira icteroides ló sọ kòkòrò náà. Olókìkí ni Noguchi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ta létí, wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ara kòkòrò yẹn, wọ́n sì ń fi gún ènìyàn.

Àjọ Rockefeller wá gbé ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1925, Yaba ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR tó wà ní Yaba dòní ń tọpasẹ̀ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Rockefeller yìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wa, wọ́n fi gún gíní-píìgì bí Noguchi ṣe ní òun ṣe, wọ́n wá kòkòrò náà títí, wọn ò rí i. Ohun tó mú mi fẹ́ràn wọn ni pé wọn ò fi pa mọ́. Wọn ò rò ó pé bóyá àwọn ni ò mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà tó jẹ́ pé àgbà onímọ̀ ló sọ ọ́. Láàárín ìgbà yẹn náà, ní 1926, Max Theiler àti Andrew Sellards ní Harvard gbé kòkòrò Noguchi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń fa àrùn Weil, àrùn tí ìtọ̀ eku ń tàn kálẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kí wọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kòkòrò yẹn ní láti wà lọ́wọ́ wọn, ohun tí Noguchi kọ sì ní láti wà lójú ìwé. Àṣìṣe rẹ̀ ṣeé mú nítorí pé ó fi í síta.

Nígbà tó di June 1927, ìgbìmọ̀ Rockefeller gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní abúlé Kpeve, ní Gold Coast tó di Gánà lónìí. Ibà tó mú un ò le, ara rẹ̀ sì yá. Ọ̀bọ rhesus, irú ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n gún ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ó kú. Láti ara ọ̀bọ sí ọ̀bọ, láti ara ẹ̀fọn sí ọ̀bọ, wọ́n rí i pé àìsàn náà ń ràn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sẹ́ kọjá nínú asẹ́ tí kòkòrò bakitéríà ò lè gbà kọjá ṣì ń pa ọ̀bọ. Fáírọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ohun tí Noguchi rí. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson ló kọ iṣẹ́ náà, 1928 ló jáde. Stokes ò rí i. Ibà pọ́njú yẹn kan náà ló pa á l'Ékòó ní September 1927. Noguchi alára wá sí Accra ní November ọdún yẹn láti gbèjà ohun tó ti kọ, ó lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀bọ, kò rí ohun tó fi lè dá ara rẹ̀ láre, àìsàn náà sì mú òun náà lọ ní ọjọ́ 21 May, 1928. Dókítà William Young tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà.

Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ 17D ní 1937, òun náà là ń gbà títí dòní kí wọ́n tó fún wa ní yẹ́lò káàdì. Mo mọ̀ pé ọ̀bọ tó kú nínú ọ̀rọ̀ yìí ò kéré, n ò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa patẹ́wọ́ lé ikú wọn lórí. Àmọ́ àwọn olùwádìí tó wá lẹ́yìn ò bẹ̀rẹ̀ láti òkùnkùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀bọ wọ̀nyẹn wà lójú ìwé, ẹni tó bá sì fẹ́ tọ ipa rẹ̀ lè tọ̀ ọ́.

Ẹ wá fi wé ti rọpárọsẹ̀. Ní 2006, àwọn kan ka oríṣi ìtọ́jú 1,026 tí wọ́n ti dán wò fún un láàbù. Ọ̀pọ̀ ṣiṣẹ́ lára eku. Èyí tó wá ran ènìyàn lọ́wọ́ kò pé iye ìka ọwọ́. Ìdí ìjákulẹ̀ yẹn pọ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì hàn ní 2010, nígbà tí àwọn onímọ̀ kan wo iṣẹ́ 525 lórí rọpárọsẹ̀ lára ẹranko. Mẹ́wàá péré ló sọ pé oògùn tí àwọn dán wò ò dín ibi tó kú nínú ọpọlọ kù. Mẹ́wàá nínú 525! Ọjà wo ni wọ́n ti ń jèrè bẹ́ẹ̀? Wọ́n fojú bù ú pé bí àdánwò kan nínú méje ni kò jáde rárá, àti pé nítorí èyí, agbára tí wọ́n ní oògùn wọ̀nyẹn ní fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju èyí tí wọ́n ní gan-an lọ. Àwọn ará Utrecht ní Netherlands tún ṣe ohun tó gba ìgboyà: wọ́n yẹ ara wọn wò. Wọ́n lọ gbé ìwé àṣẹ tí ilé ìwòsàn yunifásítì wọn ti fún àwọn olùwádìí ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, wọ́n wá a títí dé ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹranko 5,590 ni wọ́n lò. Nǹkan bí 26 nínú 100 ló dé ojú ìwé. 2020 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan ní ṣé èmi tí mo jẹ ṣàkì mẹ́rin lóde àríyá ni mo wá ń ṣọ̀fọ̀ eku. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màlúù òde àríyá, ẹran rẹ̀ là ń wá, a sì rí i jẹ. Kò sẹ́ni tó pè é wá jẹ́rìí. Eku láàbù, ẹ̀rí tó fẹ́ jẹ́ nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ pa á. Bí wọ́n bá pa á tán tí wọ́n sì fi ẹ̀rí rẹ̀ pa mọ́ nítorí pé kò dùn ún gbọ́, n ò mọ ohun tí wọ́n fi gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò mọ̀ á sì tún lọ ra ọgbọ̀n eku, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà. Láti 1959 ni William Russell àti Rex Burch ti kọ ọ́ pé bí ọ̀nà mìíràn bá wà kí olùwádìí gba ibẹ̀, bí kò bá sí, kí ó dín iye ẹranko kù, kí ó sì dín ìyà wọn kù. Gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìlò ẹranko ló mọ mẹ́ta yìí lórí. Ibo la ti fẹ́ dín iye kù nígbà tí a ò sọ iye tí a ti lò?

Ní ti ìgbìmọ̀, gbólóhùn kan ni mo máa ń bá nínú iṣẹ́ púpọ̀: “A gba ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ tó yẹ.” Ó parí. Nígbà mìíràn nọ́ńbà á wà níbẹ̀. Mo ti bá nọ́ńbà kan náà pàdé nínú iṣẹ́ méjì tí wọn ò jọra rárá, ọ̀kan lórí ewúro, èkejì lórí èéfín jẹnẹrétọ̀. Ṣé ẹ rí i, gbólóhùn yẹn ò sọ ohun tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, kò sì sọ bóyá ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n ṣe. Láti 2010 ni ìlànà ARRIVE ti wà, wọ́n tún un ṣe ní 2020, ó sì jẹ́ ohun 21 tó yẹ kí olùwádìí kọ. Iye ẹranko wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n yọ àti ìdí tí wọ́n fi yọ wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ló ní àwọn ń tẹ̀ lé e. Èmi tí mò ń kà á lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á wọlé mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e sí. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní àyè ò sí nínú ìwé. Ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì yìí, àyè wo ni ò sí?

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí aráàlú bá mọ ohun tó ń lọ, wọ́n á dìde sí wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní London. Ní 1903 àwọn obìnrin méjì ọmọ Sweden tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kọ ohun tí ojú wọn rí nígbà tí William Bayliss ń fi ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan kọ́ni ní University College. Wọ́n dé kóòtù, Bayliss sì jàre. Wọ́n mọ ère fún ajá náà ní Battersea ní 1906, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn da ìgboro rú nítorí rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ sì gbé ère náà kúrò lóru ní 1910. Àwọn tó ti ìlẹ̀kùn láàbù mọ́ aráàlú nígbà náà ò rí èrè kan gbà nínú títì í. Ní 2014, àwọn ilé ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn á máa sọ̀rọ̀ síta nípa bí àwọn ṣe ń lo ẹranko. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó ń mọ ère fún eku. Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ la ń bẹ̀rù. Iye ìtẹ̀jáde ni wọ́n ń kà, owó dọ́là ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ń gbà, iṣẹ́ tó bá sì ní “kò ṣiṣẹ́” kì í rọrùn láti tà.

Ọ̀dọ́bìnrin kan fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà tí mò ń bá ṣiṣẹ́ láìpẹ́ yìí. Ó fi ewé kan tí gbogbo ayé ń pariwo dán eku tó ní àtọ̀gbẹ wò, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Ó kọ iye eku tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, iye tó kú, ọjọ́ tí wọ́n kú, ọjọ́ tí iná lọ tí yàrá gbóná. Ó kọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú wọn sí ibi ìdúpẹ́. Jọ́nà méjì ti kọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí olóòtú ní kó yẹ̀ ẹ́ wò béèrè pé kí ló tuntun nínú rẹ̀. Èkejì ní kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kó yọ ọ̀rọ̀ iná tó lọ kúrò nítorí pé ó ń dójú ti ilé ẹ̀kọ́. Olóòtú bi mí léèrè ohun tí mo rò, ohun tí kì í sábà ṣe. Mo ní kó gbà á, kó má yọ nǹkan kan, kó sì fi tábìlì àwọn eku tó kú sójú ewé kejì, kó má gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìwé. Ó ní òun á rò ó. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, mo sì ti sọ fún un pé kó bá olóòtú sọ ọ́ tààrà, kó sì rí i pé òun fi ìwé àjákọ ilé ẹranko náà kún ohun tó bá fi ránṣẹ́.